Géèmù orin ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ìlù wa

Èrò ọkàn mi nìyí, mi ò sì ní fepo bọyọ̀. Nínú gbogbo géèmù orin tó ti jáde láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tó wúlò jù fún ọmọ Èkìtì tó fẹ́ràn ìlù kì í ṣe èyí tó wọ́n jù. Èyí tó gbà wá láyè láti fi orin tiwa sínú rẹ̀ ni.

Lọ́dún 1996, PaRappa the Rapper jáde fún PlayStation ní Jàpáàn. Ọ̀gá á lé orin, ajá kan tó dé fìlà á gbè é, ẹ̀yin lẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì bó ṣe ń gbè é. Lílé àti gbígbè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Konami gbé beatmania dé: bọ́tìnnì márùn-ún àti àwo tí DJ máa ń fọwọ́ yí. Dance Dance Revolution tẹ̀ lé e ní 1998, ó gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́, ó gbé e fún ẹsẹ̀. Àmọ́ èyí tó sún mọ́ wa jù ni Taiko no Tatsujin tí Namco ṣe lọ́dún 2001, ìlù ńlá kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá méjì lù. Bí òbìrí pupa bá dé, ẹ lu ojú awọ. Bó bá jẹ́ búlúù, ẹ lu etí ìlù. Bó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ méjì lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn méjì péré nìyẹn o. Àwọn àgbà onílù á rẹ́rìn-ín sí i, torí gángan kan ṣoṣo lábíyá, bí wọ́n bá ṣe ń fún ọṣán rẹ̀, ohùn rẹ̀ ju méjì lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àsìkò ike dé. Guitar Hero (2005) wá pẹ̀lú gìtá oníke tó ní bọ́tìnnì márùn-ún lọ́rùn. Rock Band (2007) fi ìlù àti makirofóònù kún un. Nígbà tó fi máa di 2009, géèmù tó ní Hero lórúkọ tó jáde lọ́dún kan ṣoṣo yẹn ju márùn-ún lọ, ọjà sì kún àkúnya. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Activision, ilé iṣẹ́ tó ń gbé Guitar Hero jáde, ti ẹ̀ka tó ń bójú tó o pa. Àwọn kan ní orin ló sú àwọn èèyàn. Irọ́ ni. Ike rírà ló sú wọn, àti orin tí ilé iṣẹ́ ń yàn fún wọn. Ẹ wo géèmù osu! tó ti wà láti 2007: ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ta á, bí a ṣe ń ta ayò, ló ń fọwọ́ ara wọn to ìlù inú rẹ̀, ó sì wà láàyè dòní. Beat Saber (2018) dára, idà méjì lọ́wọ́, ìgò ńlá tó ń fi ayé inú géèmù hàn lójú, àmọ́ owó ìgò yẹn á ra fóònù gidi, ṣéńjì á sì kù.

Ká tó dé orí orin tiwa, ẹ jẹ́ ká parí ẹjọ́ kan. Ẹni tó bá ń fi earpiece Bluetooth tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba l'Ádó ta géèmù yìí kàn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Ohùn sábà máa ń fi 150 sí 250 mílísẹ́kọ́ńdì (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan) pẹ́ kó tó dé etí. Ní osu!, bí ẹ bá gbé OD (ìwọ̀n bí géèmù ṣe le tó lórí àkókò títẹ̀) sí 8, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ àmì ìlù kó má ju 32 mílísẹ́kọ́ńdì lọ ṣáájú tàbí lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó gba 300, ìyẹn máàkì tó ga jù. Ẹ lo earpiece oníwáyà, ẹ pa battery saver, kí ojú fóònù má baà máa fà. Lẹ́yìn orin kan, ẹ wo ìlà tó ń fi àṣìtẹ̀ hàn: bí gbogbo àmì bá kó jọ sí apá kan, ohùn ló ń pẹ́, ẹ lọ máa fi mílísẹ́kọ́ńdì 5, 5 tún offset (iye àkókò tí géèmù fi ń sún ohùn) ṣe. Bí wọ́n bá fọ́n ká sọ́tùn-ún sósì, a jẹ́ pé ọwọ́ ni o, ẹ lọ kọ́ṣẹ́.

Wàyí o, orin tiwa. Kọ̀ǹpútà lẹ ó fi to ó. Fóònù tó láti ta á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé editor (ibi tí wọ́n ti ń to ìlù nínú osu!) máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí 1/4, ìyẹn ni pé ó pín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ibi tí ẹsẹ̀ oníjó ti ń kanlẹ̀ ni mo ń pè ní ẹsẹ̀. Kónkóló tí agogo ń lù nínú ọ̀pọ̀ orin wa kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin: ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Nínú 12 yìí, agogo dún lẹ́ẹ̀méje: lórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ká ní orin náà ń lọ ní ẹsẹ̀ 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mílísẹ́kọ́ńdì 500 ló wà láàárín ẹsẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá pín in sí mẹ́ta, ìlù bọ́ sí 167 àti 333. Editor tó wà lórí 1/4 kò mọ ibẹ̀. 125 àti 375 ló máa fà á lọ. Ó ti fi 42 yẹ̀. Ẹni tó lù ú gẹ́lẹ́ bí agogo ṣe lù ú, bí OD bá wà ní 8, 100 ni géèmù máa fún un, kò ní rí 300 láéláé, á wá máa rò pé òun ò mọ ìlù! Ẹ yí i sí 1/3, tàbí 1/6 bí ìlù bá ya. Kẹ́ ẹ fi BPM (iye ẹsẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan) sórí ẹsẹ̀ oníjó, ẹ má fi sórí ìdún agogo.

Èkejì ni pé orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo kì í dúró sójú kan. Onílù gbóná, ijó gbóná, ìlù á yára. Bẹ́ ẹ bá kọ 112 sílẹ̀, tí àwọn onílù ti lọ sí 113, ìyàtọ̀ kò tó 5 mílísẹ́kọ́ńdì lórí ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́jọ ó ti tó 38. Nítorí náà, ẹ máa fi timing point (àmì tó ń tún BPM sọ fún géèmù) tuntun sí i ní ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin níbi tó bá ti ń sáré. Iṣẹ́ aṣekúdórógbó ni, mi ò purọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti to ó tán, ẹ má tún fáìlì MP3 náà gbà sílẹ̀ lọ́nà mìíràn, nítorí ó sábà máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àmì á sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orin olórin ńkọ́? Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó pín in kiri.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, agogo nìkan ni kẹ́ ẹ to. Fún ọ̀gá, ẹ to gúdúgúdú. Á rí iṣẹ́ ṣe. Ìyáàlù ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Bó bá ti ń kì èèyàn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ló ń lọ, kò bá ẹsẹ̀ rìn mọ́, yálà 1/3 ni o, yálà 1/12 ni o. Bọ́tìnnì tó máa mọ ìyàtọ̀ àárín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò tíì sí nínú èyíkéyìí nínú wọn.