Dídúdú kọ́ ni ìbàjẹ́ ọ́ìlì dísù

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ra fílítà kejì sí jẹ́ǹ dísù rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bypass, ẹni tó tà á fún un sì ti fi dá a lójú pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ yíyí ọ́ìlì. "Àbúrò," ó ní, "ọ́ìlì yìí ṣì ń dúdú o. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?"

Ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó tajà àti nínú ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n: pé ojú lásán la fi ń mọ ọ́ìlì tó ti bàjẹ́. Èyí tó bá dúdú ti kú, èyí tó bá mọ́ ṣì dára. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí rárá. Ó sì ń dùn mí, torí pé ọ̀nà méjì ni ìgbàgbọ́ yìí fi ń jẹ owó àwọn èèyàn wa. Ẹnìkan ń da ọ́ìlì tó ṣì lágbára nù kí àkókò rẹ̀ tó pé, ẹlòmíì ń fi èyí tó ti kú sínú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi nọ́ọ̀kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti dúdú náà ná. Ẹ yí ọ́ìlì jẹ́ǹ dísù lónìí, ẹ tan án fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá fa géèjì yọ. Ó ti ń dúdú nìyẹn. Bí nọ́sùlù bá ṣe ń fọ́n dísù sínú sìlíńdà, ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ kì í ti í tó o jó, ibẹ̀ ló sì ti ń di dúdú bíi tìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rínǹgì písítìn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ẹyọ rẹ̀ kéré gan-an: ọ̀pọ̀ jù lọ kò tó máíkírọ́ọ̀nù 1, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, bẹ́ẹ̀ irun orí wa kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 70.

Àwọn tó ń po ọ́ìlì mọ̀ pé dúdú yìí ń bọ̀. Wọ́n ti fi kẹ́míkà kan sí ọ́ìlì tó máa ń rọ̀gbà yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ká, kó má baà ṣù jọ, kó má sì lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹ wo omi ìfọṣọ. Bí a bá fọ aṣọ mẹkáníìkì tí omi ọṣẹ wá dúdú bíi kọfí, kò sẹ́ni tó máa bú ọṣẹ. Ìdọ̀tí ti kúrò lára aṣọ, ó ti wà nínú omi. Ọ́ìlì tó dúdú nínú ẹ́ńjìnnì dísù ń ṣiṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á ni.

Fílítà ńlá tó wà lára ẹ́ńjìnnì kò lè mú dúdú yìí. Gbogbo ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé bẹ́árìn, bí ihò rẹ̀ bá sì kéré jù, ebi ọ́ìlì á pa bẹ́árìn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ kó máa mú ohun tó tó máíkírọ́ọ̀nù 20 sí 30 sókè. Fílítà kejì ní tirẹ̀ kì í gba gbogbo ọ́ìlì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń yà gba ibẹ̀ jẹ́jẹ́, tó sì ń padà sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì jókòó sí. Nítorí pé kò sí bẹ́árìn tó ń dúró dè é, ó lè sẹ́ ọ́ìlì kúnná, dé máíkírọ́ọ̀nù 2 tàbí 3. Iṣẹ́ gidi ni. Àwọn ẹyọ irin tó tó 5 sí 20 gan-an ló máa ń há sí ojú bẹ́árìn tí wọ́n sì ń họ ọ́. Nǹkan àtijọ́ sì ni: fílítà tí Ernest Sweetland ṣe fún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1923, tí wọ́n sọ ní Purolator, irú èyí ni. Wọn kò ta jìbìtì fún ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń mú kí ọ́ìlì dúdú ló kéré ju ihò fílítà rẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹni tó tajà ti ṣì í lọ́nà ni ti pé kò ní yí ọ́ìlì mọ́. Ẹ padà síbi omi ìfọṣọ. Bí ọṣẹ bá ti kú nínú omi, tí kò hó mọ́, ẹ lè fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ omi náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Á mọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ kò ní padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà inú ọ́ìlì. Sọ́fọ̀ inú dísù máa ń di ásíìdì bó bá jó, ọ́ìlì sì ní agbára tó fi ń pa ásíìdì yìí. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ásíìdì ti yọ́ mọ́ ọ́ìlì, kò sí bébà tó lè há a.

Ní ilẹ̀ wa, ibí gan-an ni wàhálà wà. Sọ́fọ̀ inú dísù Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju 10 ppm lọ (ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan), 15 ni ti Amẹ́ríkà, ECOWAS fi 50 lélẹ̀. Àmọ́ dísù tí wọ́n sè nínú igbó, tí wọ́n ń tà ní kẹ́ẹ̀gì, ta ló wọn tirẹ̀? Ẹni tó bá ń ra irú rẹ̀, kó máa yí ọ́ìlì ṣáájú àkókò tí ìwé sọ ni, fílítà kejì ì báà wà níbẹ̀.

Dísù tútù tí nọ́sùlù tó ti jẹ ń jò sínú ọ́ìlì náà ńkọ́? Fílítà kò lè yà á sọ́tọ̀. Ọ́ìlì á máa ṣàn bí omi, á sì máa ga lórí géèjì fúnra rẹ̀. Mo ti rí dírẹ́bà tírélà tó ń dúpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì òun kì í jẹ ọ́ìlì.

Àwọn tó ń jiyàn pé fílítà kejì lè mú kí ọ́ìlì pẹ́ sí i máa ń tọ́ka sí Idaho National Laboratory ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti so fílítà yìí mọ́ bọ́ọ̀sì dísù 8 láti 2002, tí ọ́ìlì wọn sì lò kọjá máìlì 12,000 tí wọ́n fi ń yí i tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n léraléra ni wọ́n ń gbé ọ́ìlì bọ́ọ̀sì yẹn lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ fílítà, wọ́n á da ọ́ìlì tuntun kún un, ọṣẹ tuntun nìyẹn.

Bí ojú bá mọ ọ́ìlì ni, àwọn tó ń sẹ́ kọ́ńdẹ́ǹ, ọ́ìlì tí wọ́n ti lò dànù, tí wọ́n ń rọ ọ́ padà sínú ike tó ní orúkọ ńlá, kò ní rí oníbàárà. Ọ́ìlì tiwọn a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin.

Bí ẹ kò bá lè dé ibi àyẹ̀wò, ẹ kán ọ́ìlì gbígbóná ẹyọ kan sórí bébà funfun tó ń fa omi, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí dúdú náà bá tàn ká tó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ dé etí, kẹ́míkà tó ń gbé e ṣì wà láàyè. Bó bá ṣù sójú kan ṣoṣo láàárín tí etí rẹ̀ mú ṣáká, ẹ yí i lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rí yìí kò sọ nǹkan kan nípa ásíìdì o.

Wákàtí 10 lójúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń tan jẹ́ǹ rẹ̀, wákàtí 250 ni ìwé jẹ́ǹ náà sì wí pé kí wọ́n máa yí ọ́ìlì, ọjọ́ 25 nìyẹn. Mo ní kó fi fílítà kejì sílẹ̀ síbẹ̀, kó ṣì máa yí ọ́ìlì ní 250, kó bu díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ kó tó da èyí tó kù nù, ká gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí agbára tó fi ń pa ásíìdì bá ṣì ju ìdajì lọ, tí kò sí dísù tàbí omi rédíétọ̀ nínú rẹ̀, a ó sún un sí 300, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó béèrè pé ṣé kóun má wulẹ̀ fa géèjì yọ láràárọ̀ mọ́ nìyẹn. Mo ní kó máa fà á yọ, kó máa wo ibi tí ọ́ìlì dé lára rẹ̀.