Ta ló yẹ kó yan rẹfirí fún Íńdíà?

Ní ìpínlẹ̀ Arunachal Pradesh, níbi tí ilẹ̀ Íńdíà ti bá ilẹ̀ Ṣáínà pààlà, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Malogam. Nígbà ìdìbò gbogboogbò ọdún 2024, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò níbẹ̀, obìnrin kan báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò gbé ẹ̀rọ wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 39 gba orí òkè àti inú igbó, wọ́n tẹ́ ibùdó ìdìbò sílẹ̀, wọ́n sì jókòó dè é títí ó fi wá tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀. Ẹ má pè é ní àṣehàn o. Ìlànà àjọ náà ni pé ibùdó ìdìbò kò gbọdọ̀ jìnnà sí olùdìbò ju kìlómítà méjì lọ, ì báà jẹ́ ẹyọ ènìyàn kan ló ń gbé àdúgbò náà.

Ìtàn yìí la fi ṣíde kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a fẹ́ fojú tín-ín-rín Àjọ Elétò Ìdìbò ilẹ̀ Íńdíà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò lẹ́gbẹ́ láyé. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 2024 lé ní mílíọ̀nù 960. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 642 nínú wọn ló jáde, ní ibùdó tó lé ní mílíọ̀nù kan, ní ìpele méje, láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni wọ́n ka ìbò, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ayé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa tí a jókòó ti rédíò fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún 2023 kí wọ́n tó kéde ẹni tó wọlé sípò ààrẹ ní Nàìjíríà kò jẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n bí pápá tẹ́jú, tí bọ́ọ̀lù dára, tí òǹwòran kún fọ́fọ́, a ṣì ní láti béèrè ẹni tó mú rẹfirí wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́ ní Íńdíà. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 2023, tó yọ adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà kúrò lára àwọn tó ń yan ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò, kò dára. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, kó sì yá.

Abala 324 ìwé òfin Íńdíà ló dúró fún àjọ yìí. Ààrẹ ló ń fọwọ́ sí ìyànsípò alága àti àwọn kọmíṣọ́nnà, àmọ́ ààrẹ Íńdíà kì í dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tí olóòtú ìjọba àti àwọn mínísítà bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Ìwé òfin fi àyè sílẹ̀ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí yóò máa darí ìyànsípò náà. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣèlú Congress wà lórí oyè, wọn ò ṣe é. BJP, ẹgbẹ́ òṣèlú Narendra Modi tó jẹ́ olóòtú ìjọba, dé, wọn ò ṣe é. Kò yani lẹ́nu: bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ.

Ọ̀rọ̀ Arun Goel ló tú aṣọ lójú eégún. Àyè kọmíṣọ́nnà kan ti ṣófo láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba ò wí nǹkan kan. Lóṣù Kọkànlá, nígbà tí ẹjọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń yan àwọn kọmíṣọ́nnà ti wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Goel, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà, fúnra rẹ̀ kọ̀wé fẹ̀yìn tì, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì yàn án. Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n gbé fáìlì náà wá. Wọ́n rí i pé gbogbo ètò, láti orí wíwá orúkọ títí dórí ìfọwọ́sí ààrẹ, kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n béèrè ohun tó fa irú eré tete bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn adájọ́ márààrún fohùn ṣọ̀kan: títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò fi ṣe òfin, ẹni mẹ́ta ni kó máa jókòó yan ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò, ìyẹn olóòtú ìjọba, olórí àwọn alátakò nínú ilé aṣojúṣòfin tí wọ́n ń pè ní Lok Sabha, àti adájọ́ àgbà.

Ìjọba Narendra Modi gbọ́ “títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò fi ṣe òfin,” wọ́n sì di ibẹ̀ mú. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti délẹ̀. Nígbà tí Lok Sabha ń fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ ilé alátakò tó lé ní 140 ni wọ́n ti dá dúró lápapọ̀ nínú ilé méjèèjì. Òfin náà jẹ́ kí ẹni mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó gbé adájọ́ àgbà kúrò lórí àga kẹta, ó sì fi mínísítà kan tí olóòtú ìjọba fúnra rẹ̀ bá yàn rọ́pò rẹ̀. Méjì sí ọ̀kan. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni èsì rẹ̀ ti jáde.

Ẹ wo bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kéde ọjọ́ ìdìbò, Goel yìí kan náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ lójijì. Kọmíṣọ́nnà mìíràn ti fẹ̀yìn tì lóṣù Kejì, ó wá ku alága nìkan lórí àga. Ní ọjọ́ 14, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta náà jókòó: Modi, Amit Shah tó jẹ́ mínísítà abẹ́lé, àti Adhir Ranjan Chowdhury láti inú ẹgbẹ́ Congress. Chowdhury jáde wá sọ fáwọn oníròyìn pé orúkọ 212 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti pé orúkọ mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ mú nínú rẹ̀ kò dé ọwọ́ òun àfi ìgbà tó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé a máa béèrè ìwà rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gyanesh Kumar àti Sukhbir Singh Sandhu ni wọ́n mú.

Lóṣù Kejì ọdún 2025 ó tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ yan alága tuntun. Rahul Gandhi, tó ti di olórí àwọn alátakò nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, pé kí wọ́n ṣe sùúrù kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn kan ti pe tako òfin ọ̀hún, nítorí ọjọ́ méjì péré ló kù. Wọ́n kéde orúkọ Gyanesh Kumar ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó tún jókòó lórí àga kẹta ni Amit Shah, mínísítà tí Kumar ti bá ṣiṣẹ́ rí nígbà tó wà nílé iṣẹ́ ìjọba. A ò sọ pé Kumar jẹ́ ènìyàn burúkú, a ò sì ní ẹ̀rí pé ó ṣègbè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń wí ni pé òfin tó dára kì í jẹ́ kí ènìyàn rere wọnú irú ìfura bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ìjọba ní èsì, ó sì yẹ ká gbọ́ wọn, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní ọ̀nà àtijọ́ náà ló mú T.N. Seshan jáde. Òótọ́ ni. Láti 1990 sí 1996 tí Seshan fi jẹ́ alága, àwọn olóṣèlú ń wárìrì. Kí ó tó dé, ìlànà ìwà ọmọlúàbí lásìkò ìdìbò kàn wà lórí ìwé ni. Seshan sọ ọ́ di ohun tí mínísítà ń bẹ̀rù, ó dá ìdìbò dúró níbi tí nǹkan kò bá ti tọ́, ó sì ranrí pé àfi kí olùdìbò ní káàdì tó ní àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ohun tí ìjọba ìgbà náà ṣe fún un. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1993, ìjọba Congress lábẹ́ Narasimha Rao fi kọmíṣọ́nnà méjì kún un, kí ó má baà lè dá pinnu mọ́. Seshan lọ sílé ẹjọ́, ó fìdí rẹmi. Láti ìgbà náà, ohùn tó bá pọ̀ jù ló ń borí láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún 2019, nígbà tí Ashok Lavasa, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà, kò gbà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní Modi àti Shah kò rú ìlànà ìpolongo, méjì ló borí ọ̀kan, wọn ò sì kọ ohùn tirẹ̀ sínú ìwé ìpinnu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi Seshan tàn wá. Oríire ni Seshan jẹ́. Orílẹ̀-èdè tó ní olùdìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan kò gbọdọ̀ máa retí oríire.

Èsì kejì wọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí rẹfirí bá wà lápò BJP, báwo ni BJP ṣe já sílẹ̀ lọ́dún 2024? Àga 303 ni wọ́n ní lọ́dún 2019; lọ́dún 2024 ó di 240, nígbà tó jẹ́ pé 272 lẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ ní nínú 543 kó tó lè dá ìjọba ṣe. Kódà wọ́n pàdánù Faizabad, níbi tí ìlú Ayodhya wà, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí Modi ṣí tẹ́ḿpìlì ńlá síbẹ̀. A gbà. A ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé ẹ̀rọ ìdìbò ń jí ìbò kó. Àwọn ẹ̀rọ náà kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń yọ bébà tí olùdìbò fi ojú ara rẹ̀ rí. Ilé ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní kò sí ìdí láti padà sórí ìwé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìdìbò. Ìwé orúkọ wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2025, àjọ náà tún ìwé olùdìbò ìpínlẹ̀ Bihar kọ látòkèdélẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, orúkọ bíi mílíọ̀nù 6.5 ló ti kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú tàbí pé wọ́n ti kó lọ. Bí àjọ náà ṣe wí nìyẹn. Ohun tó dùn wá ni pé wọ́n sọ fún ilé ẹjọ́ pé òfin kò ní kí àwọn tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n yọ jáde pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Ó di ọjọ́ 14 oṣù náà kí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ fún wọn.

Ẹ fi èyí wé ìdìbò àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, ti 1951 sí 1952. Sukumar Sen, alága àkọ́kọ́, yọ orúkọ àwọn obìnrin tó tó mílíọ̀nù 2.8, nítorí pé “ìyá lágbájá” tàbí “ìyàwó lágbájá” ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò gbà láti dárúkọ ara wọn fún àjèjì. (Àwa tí a mọ Ìyá Bọ́lá ní àdúgbò fún ogún ọdún láì mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ bó ṣe rí.) Sen fi oṣù kan kún àkókò ní Bihar yìí kan náà kí wọ́n lè wá fi orúkọ ara wọn sílẹ̀, nígbà tó sì kọ ìròyìn rẹ̀, ó kọ iye tí òun yọ síbẹ̀ láì fi bò.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025 náà, nígbà tí Rahul Gandhi ní ayédèrú orúkọ pọ̀ nínú ìwé olùdìbò Mahadevapura ní Karnataka, èsì tí alága àjọ fún un ni pé kó wá búra tàbí kó tọrọ àforíjì. Ó lè jẹ́ pé Gandhi ṣì í. Àmọ́ rẹfirí kì í bá agbábọ́ọ̀lù tahùn; ó ń wo fídíò ni. Fídíò tí wọ́n ń ká ní ibùdó ìdìbò gan-an, lóṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba ti yí ìlànà padà kí ará ìlú má baà lè béèrè rẹ̀ mọ́.

Ó ku ohun kan tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò tíì dáhùn dáadáa. Wọ́n ní kò yẹ kí adájọ́ máa dá sí ìyànsípò. Ó dára. Kí ló wá dé tí òfin Íńdíà fi ní kí adájọ́ àgbà tàbí aṣojú rẹ̀ jókòó pẹ̀lú olóòtú ìjọba àti olórí alátakò láti yan ọ̀gá CBI, àjọ tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn àti ìwà jẹgúdújẹrá? Ṣé ẹni tó ń mú olè wá ṣe pàtàkì ju ẹni tó ń ka ìbò lọ ni?

A ò dúró lórí òkè máa bá Íńdíà wí. Ní Nàìjíríà, ààrẹ ló ń yan alága INEC, tí ilé aṣòfin àgbà ń fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2008, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Muhammadu Uwais darí dábàá pé kí wọ́n gba agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ ààrẹ. Kò sí ìjọba kankan tó gbà, ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí oyè.

Kí ìjọba Modi gbé àtúnṣe lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀, kí adájọ́ àgbà padà sórí àga kẹta, kí àwọn orúkọ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sì máa dé ọwọ́ olórí alátakò ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Kí wọ́n sì fún kọmíṣọ́nnà méjèèjì yòókù ní irú ààbò tí alága ní, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń yọ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni wọ́n ṣe lè yọ òun. Àkókò ṣì wà. Òfin ní alága kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ọdún 65, oṣù Kìíní ọdún 2029 ni Gyanesh Kumar yóò sì pé e, nígbà tí ìdìbò gbogboogbò mìíràn bá ku oṣù díẹ̀. Ẹni mẹ́ta yóò tún jókòó nínú yàrá kan nígbà náà láti mú ẹni tí yóò darí rẹ̀.