"Ewé ni, kò lè pa ọ́ lára": irọ́ tó ń ta oògùn Ṣáínà

Èèyàn ò lè wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù báyìí kó má gbọ́ ọ. Ẹnì kan á dìde, á gbàdúrà fún awakọ̀ àti èrò, á wá fa páálí kan yọ nínú báàgì: "Oògùn Ṣáínà ni o. Ewé àti egbò ni wọ́n fi ṣe é. Kò ní sáìdì-ẹ́fẹ́ẹ̀tì kankan." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń ta ọjà. Ẹni tó ti ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì láti ọdún gbọọrọ, tó ti sú u, tó bá gbọ́ pé òmíràn wà tí kì í dani láàmú, ọwọ́ á ti dé àpò.

Irọ́ ni. N ò sọ pé gbogbo oògùn Ṣáínà ló burú. Ọ̀kan wà nínú wọn tí èmi fúnra mi ń tà lójoojúmọ́ ní kẹ́míìsì wa, màá débẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé jíjẹ́ tí nǹkan jẹ́ ewé kò ní kó má pani. Àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló sì yẹ kó yé jù. Ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a fi ń ṣe gààrí, májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. A máa rin ín, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan, ká tó yan án. Ibẹ̀ ni gààrí Ìjẹ̀bú ti rí kíkan rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni májèlé ọ̀hún ti ń bá omi àti ooru lọ. Kò sí ìyá elégààrí tó máa bu ẹ̀gẹ́ kíkorò fọ́mọ rẹ̀ jẹ ní tútù, kó ní ṣebí ilẹ̀ ló ti hù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, lórílẹ̀-èdè Belgium. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin ń lọ sí ilé ìtọ́jú kan láti gba oògùn tó ń dín sísanra kù, wọ́n sì fi egbò Ṣáínà kún un. Egbò tí wọ́n fẹ́ lò ń jẹ́ fang ji. Èyí tó dé ọwọ́ wọn ni guang fang ji. Orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, tí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́ kúnná tán, ta ló máa mọ ìyàtọ̀? Ṣùgbọ́n èkejì yìí ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid, tó ń jẹ kíndìnrín run. Lọ́dún 1993 ni àwọn dókítà ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde: àwọn obìnrin tí wọn ò tíì pé ẹni 50 ọdún, kíndìnrín wọn ń kú, ilé ìtọ́jú kan náà sì ni wọ́n ti gba oògùn. Nígbà tó yá, iye wọn lé ní 100. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Kò tán síbẹ̀. Ìròyìn tó jáde lọ́dún 2000 sọ pé nínú 39 tí wọ́n yọ kíndìnrín wọn tó ti kú, 18 ni wọ́n bá jẹjẹrẹ lára. Ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ fòfin de ọ̀kan nínú àwọn egbò tó ní èròjà yìí, guan mu tong, lọ́dún 2003.

Kíndìnrín kì í ké. Ó lè bàjẹ́ dé ìdajì kí ẹni tó ni ín máa jẹun, kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jó níbi Ojúde Ọba. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo ti ń lò ó láti èṣí, kò ṣe mí ní nǹkan kan" kò tíì sọ nǹkan kan.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wàràwàrà náà lẹ́rù tiẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 2008, 150 èèyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n gbà sí ọsibítù ní Singapore, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wálẹ̀ pátápátá. 4 nínú wọn kú. Ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, àwọn tó sì jẹ́wọ́ ní oògùn agbára ọkùnrin làwọn lò. Nígbà tí láàbù yẹ àwọn oògùn náà wò, wọ́n bá èròjà inú Viagra níbẹ̀, wọ́n tún bá glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ. Bí "ewé" kan bá ṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ béèrè ewé wo.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan kó oògùn ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan tí Màmá ń lò yìí. Ẹsẹ̀ wọn ti wú." Mo yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́tà Ṣáínà ló kún ojú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní lẹ́tà tín-ín-tín, mo rí Glycyrrhiza. Gan cao nìyẹn, egbò dídùn kan tó wà nínú àìmọye àpòpọ̀ oògùn Ṣáínà. Bí èèyàn bá lò ó púpọ̀, tó sì pẹ́ lórí rẹ̀, á máa dá iyọ̀ àti omi dúró sára, á máa lé potassium jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru sókè.

Mo ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ní kí Màmá máa lò ó fún?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

Ẹni tó tà á fún wọn ti tún ní kí wọ́n pa oògùn ọsibítù tì, kó má baà ba iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́. Mo ní kó lọ mú Màmá wá. Ẹ̀rọ ka 190 lórí 110, ọsibítù ni mo ní kí wọ́n gbà lọ tààrà. Owó tí wọ́n san lórí kápúsù yẹn kò kéré o. Màmá tó máa bu gààrí sátẹ́lẹ́wọ́, tó máa tọ́ ọ wò, tó máa nájà títí ẹlẹ́gààrí á fi búra, kò béèrè ohun tó wà nínú kápúsù.

Nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn. Oògùn ewé tí wọ́n kàn ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn lára páálí tiyín.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kiri ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́, èyí tí wọ́n á ní kí ẹ di irin mú, tí kọ̀ǹpútà á sì tẹ ìwé tó kún fún àìsàn jáde? Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀. Kò lè mọ ṣúgà yín, kò lè mọ kíndìnrín yín. Ẹ fowó yẹn ra ẹja.

Gígún abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní acupuncture, yàtọ̀ sí gbogbo eléyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń polówó wọn. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò ní ihò, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Kì í wo rọpárọsẹ̀ sàn, kì í wo àtọ̀gbẹ, kì í yọ fàíbírọ́ìdì. Ibi tó ti ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀ ni ìrora tó ti di bárakú: ẹ̀yìn, ọrùn, orúnkún, ẹ̀fọ́rí túúlu. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 2007, kó 1,162 èèyàn tí ẹ̀yìn ń ro jọ. Lẹ́yìn oṣù 6, 47.6 nínú 100 àwọn tí wọ́n gún bí ìwé Ṣáínà ṣe wí ló rí ìtura. Àwọn tí wọ́n kàn gún léréfèé níbi tí kò yẹ kí wọ́n gún, 44.2 nínú 100. Àwọn tó gba ìtọ́jú ọsibítù bó ṣe máa ń rí, 27.4. Ó hàn pé ibi tí wọ́n gún kò ṣe pàtàkì tó bí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ìsinmi, ìfọwọ́kàn àti ìrètí wà nínú rẹ̀ dáadáa. N ò fi ìyẹn bú u. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tó rí ìtura, ó rí ìtura.

Bí ẹ bá máa ṣe é, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí wọ́n já níṣojú yín. Kòkòrò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ B kò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ Ṣáínà ni tàbí abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, tó gún àyà jinlẹ̀ jù, lè dá ẹ̀dọ̀fóró lu. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹ sọ ọ́ kó tó kan yín.

Èyí tí mo ní mò ń tà lójoojúmọ́ ni oògùn ibà. Artemether àti artesunate tó wà nínú oògùn ibà kẹ́míìsì, inú ewé Ṣáínà kan tó ń jẹ́ qinghao ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1967 ni ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti wá oògùn ibà. Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kó àkọsílẹ̀ oògùn àtijọ́ tó lé ní 2,000 jọ. Nínú ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́ kan, ìwé tó ti lé ní 1,600 ọdún, ni obìnrin yìí ti kà á pé kí wọ́n rẹ ewé náà sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ó wá yé e pé ooru ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ló bá fi ether, kẹ́míkà kan tí kò nílò ooru púpọ̀, fà á yọ lọ́dún 1971. Lọ́dún 1972, òun fúnra rẹ̀ gbé e mì kó tó kan aláìsàn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Nàìjíríà ti fi irú oògùn yìí rọ́pò chloroquine láti 2005. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ti lè pani lára. Agbo tí àwọn kan ń fi ewé yìí sè nílé kò ní ìwọ̀n kankan, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò sì fọwọ́ sí i fún ibà.

Bí ẹ bá ti ń lo èyíkéyìí lọ́wọ́, ẹ má torí rẹ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ yín sílẹ̀. Ẹ kó páálí rẹ̀ dání lọ sí ọsibítù ìjọba n'Ìjẹ̀bú-Òde tàbí OOUTH ní Ṣágámù, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ creatinine yín wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún, tàbí tẹ́ ẹ ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní àṣírí ni ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún un.