Ìjọba àpapọ̀ ló ni òfin tó ní kí ilé tuntun má máa jẹná jù, òun náà ló ni ilẹ̀ Àbújá, kí la tún ń dúró dè?

Ẹ dé Central Area lọ́sàn-án oṣù kẹta kẹ́ ẹ wo àwọn ilé tuntun, gíláàsì látòkè délẹ̀, fèrèsé ò ṣeé ṣí, oòrùn ń ya wọlé, éésì ò gbọdọ̀ sinmi, tí wọ́n bá mú iná lọ jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Ẹ wá sí Lugbe àti Kubwa, páànù lásán lórí, fèrèsé sláídì tó jẹ́ ìdajì ló ń ṣí, àwọn ọmọ ò rí oorun sùn. Ẹni tó kọ́lé ti gbowó ẹ̀ lọ o, ayálégbé ló ń ra yúnìtì, àtìgbà tí wọ́n sì ti sọ owó yúnìtì kan fáwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, di náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Òfin sì wà. Ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé Building Energy Efficiency Code jáde, àwọn ará Jámánì àti EU ló bá wọn dá sí i. Ohun tó ní ká ṣe ò le rárá: fèrèsé ò gbọdọ̀ ju 20% ògiri lọ àfi tí nǹkan bá ṣíji bò ó, ká fi nǹkan tó ń dènà ooru sábẹ́ òrùlé, ká má lo gílóòbù àti éésì tó ń jẹná jù.

Tó bá jẹ́ Kánò tàbí Kàdúná, a mọ̀ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ lọ́dún 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ilé kíkọ́, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gba òfin náà wọlé fúnra wọn. Ṣé Àbújá ní gómìnà ni? National Assembly ló ń ṣòfin fún un, mínísítà ló ń darí ẹ̀. Kò sẹ́ni tá a fẹ́ bẹ̀.

Ohun tá à ń bèèrè ni pé kí Development Control, àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé l'Àbújá, má fọwọ́ sí pláànù kankan tí kò bá òfin yìí mu, kí wọ́n sì yẹ ilé wò káwọn èèyàn tó kó wọ̀ ọ́. Agbára wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n fi ń wólé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó nígbà tí ilé ṣì wà lórí bébà.

Àwọn kan á ní ilé á wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n gíláàsì gan-an ló wọ́n, ká yọ òrùlé síta kó ṣíji bo fèrèsé ò tó nǹkan lára ẹ̀, ká kọ fèrèsé méjì síra kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá ò náni ní nǹkan kan. Kí wọ́n fi ọ́fíìsì ìjọba àtàwọn ẹ̀sítéètì ńlá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fún lándílọ́ọ̀dù kékeré láyè díẹ̀. Bí Singapore ṣe ṣe é nìyẹn, 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Green Mark tiwọn, ìyẹn ìwé ẹ̀rí fún ilé tí kì í jẹná jù, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, nígbà tó di 2008 wọ́n sọ ọ́ di dandan, wọ́n sì ń mú un le sí i látìgbà náà. California ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún tiwọn ṣe. Kí tiwa náà ní ọjọ́ àtúnṣe nínú òfin fúnra ẹ̀, kí mínísítà tó bá wà níbẹ̀ nígbà náà má lè sọ pé òun ò mọ̀.