Kí Wọ́n Pààlà Igbó Ihò Eléérú Kí Sìmẹ́ńtì Tó Débẹ̀

Ẹni tí wọ́n sin sí Ihò Eléérú kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀. A ò mọ oríkì rẹ̀, a ò mọ èdè tó ń fọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sin ín sábẹ́ àpáta, nínú igbó tó wà nítòsí Ìsarun, kò jìnnà púpọ̀ sí Àkúrẹ́, ilẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ títí di ọdún 1965, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú u. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ó lé ní 11,000 ọdún.

Orúkọ ibẹ̀ gan-an ti jìyà. “Iwo Eleru” ni wọ́n kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ayé sì ń kọ ọ́ kiri, tí ẹni tó bá kà á á fi máa rò pé ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń wí. Ihò ni, ihò tó ní eérú nínú. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ ọ́ ní àkọtì títí di òní kò ní àwíjàre.

Kò tíì sí ibòmíràn ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ti rí egungun ènìyàn tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí náà wọ̀n, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé ó gùn, kò ga, iwájú orí rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn; ó jọ agbárí àwọn tó gbé ilẹ̀ Áfíríkà ní ohun tó lé ní 100,000 ọdún sẹ́yìn ju tiwa lọ. Òkúta tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Nínú ìpele ilẹ̀ tó wà lókè, wọ́n rí àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ kó dán, irú èyí tí àwọn baba wa ń rí lóko tí wọ́n ń pè ní ẹdùn àrá.

Àmọ́ ìwádìí ọdún 2023 ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn pé nígbà tí ilẹ̀ tó yí agbègbè náà ká ń di ọ̀dàn, tí igbó ń fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, igbó tó wà lẹ́nu ihò náà kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró bí erékùṣù. Ohun tí ọ̀dàn kò rí gbé ṣe ni ayùn onígi àti oko kòkó lè parí láàárín ìran kan, ẹni tó bá sì mọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní bá wa jiyàn lórí èyí.

Nítorí náà, kì í ṣe ihò nìkan là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó pààlà igbó tó yí i ká, kí National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1979 gbé ọ̀rọ̀ ohun àjogúnbá lé lọ́wọ́, sì dúró tì í kí igi gígé má wọ inú ààlà náà. A mọ ohun tí ìjọba wa fẹ́ràn. Wọ́n á da sìmẹ́ńtì, wọ́n á kọ́ ilé ìgbafẹ́, wọ́n á gbé pátákó tí àwòrán gómìnà tóbi ju orúkọ ibẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àpáta yẹn ni ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kà, ìpele lórí ìpele. Ẹni tó bá da kọnkéré lé e ti ba ìwé náà jẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá nínú òkú tí kì í ṣe Yorùbá. Òótọ́ ni pé kò sí Yorùbá nígbà náà, a ò sì gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀ àwọn tó ń jiyàn bóyá Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá tàbí kò kúrò ní Ifẹ̀ rárá, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ti ń dáná nínú igbó yìí ṣáájú ìtàn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló le jù. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn fún ẹni tí wọ́n bá gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n san án kí wọ́n tó ri òpó ààlà àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìdìbò. Kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà igbó náà bí àwọn ọdẹ Ìsarun. Kí ìjọba gba mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn sí iṣẹ́ ìṣọ́, pẹ̀lú owó oṣù tó ń wọlé lásìkò. Owó pátákó kan ṣoṣo á gbọ́ bùkátà wọn fún oṣù púpọ̀.