Owó ìwé ọmọ kì í ṣe èrè òwò

Ìdámẹ́wàá tí ìjọba ní kí àwọn báǹkì máa yọ lára èlé trẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìyẹn owó tí èèyàn ń yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò sì ṣèlérí ìbùkún mọ́ ọn. Ohun tí a bi ìjọba nígbà náà la tún ń bi wọ́n ní báyìí tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: òbí tó ń fi trẹ́ṣọ́rì bíìlì tọ́jú owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Òbí yìí kì í ṣe oníṣòwò. Lọ́dún 2023, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san ní Yunifásítì Èkó fò láti nǹkan bíi 19,000 náírà kọjá 100,000. Ta ló fẹ́ yọ ìyẹn nínú owó oṣù kan ṣoṣo? Ó di dandan kéèyàn máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì ti ń jẹ èlé ibẹ̀ kí ìjọba tó nawọ́ sí i. Alájọ ọjà ní tirẹ̀, owó ọjọ́ kan ló ń gbà lóṣù, ó parí.

Àwọn tó kọ òfin náà rántí ayálégbé, tó lè yọ tó 500,000 náírà lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Wọ́n rántí owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n rántí ìbánigbófò ẹ̀mí. Òfin àtijọ́ tí gbogbo wa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pàápàá fi 2,500 náírà sílẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ mẹ́rin. Kò tó nǹkan, àmọ́ ó mọ̀ pé ọmọ tó ṣì wà níléèwé kò tíì kúrò lọ́rùn òbí, bó ti wù kó dàgbà tó.

Wọn yóò ní NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, wà. Ó wà, a sì gbè é lẹ́yìn. Nínú ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí èrè iléeṣẹ́, ìdá 15 nínú 100 ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ: ẹ ń wá owó fún ọmọ tó fẹ́ yáwó, ẹ sì ń bu owó orí lé òbí tó ń tọ́jú owó kí ọmọ má bàa yáwó!

Ní Amẹ́ríkà, àpò ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní 529 ti wà láti 1996. Bí wọ́n bá fi san owó iléèwé, èlé rẹ̀ kò ní owó orí, akẹ́kọ̀ọ́ náà ì báà jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Ẹni tó bá fi ra mọ́tò ni yóò san owó orí lórí èlé, pẹ̀lú ìtanràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣeé tọpinpin. Báǹkì mọ iléèwé tó sanwó sí. Èlé owó tí báǹkì bá san tààrà sí yunifásítì, pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kódà bí ọmọ náà bá ti kọjá ọdún 18. Ìlà kan péré ni àwọn aṣòfin yóò fi kún òfin. Wọ́n ráyè ṣe é fún àwọn tó ra bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí èèyàn ń yá ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọn kì í san kọ́bọ̀ lórí èlé tiwọn.