A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Nígbà tí àwọn àgbà wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀fúnni nìkan ni wọ́n ń sọ. Bí abẹ onígbàjámọ̀ ti wù kó mú tó, olórí ló mọ ibi tí eéwo wà lábẹ́ irun, òun náà ni yóò sì gbé ọgbẹ́ lọ sílé bí ọwọ́ bá ṣì. Òwe náà so ìmọ̀ àti ìyà pọ̀: ẹni tí àṣìṣe yóò dùn ni ìmọ̀ tí kò ní jẹ́ kí àṣìṣe wáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ilé ìwé ìjọba ní Nàìjíríà, ọmọ àti òbí ló ni orí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ń fọwọ́ kan eéwo náà lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a sábà máa ń gbé abẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, ó sì tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí àṣẹ àkọ́kọ́ jáde kò tíì parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí èkejì fi dé. Kí ni olùkọ́ rẹ̀ rí láàárín ọdún mẹ́ta yẹn? Ṣé wọ́n fún un ní ìwé tó fi máa kọ́ ìṣirò ní Yorùbá? Ṣé ẹnikẹ́ni dá a lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó sì dájọ́ láì gbọ́ ẹnu olùkọ́ kíláàsì kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ẹjọ́ náà rárá.

Ó ká mi lára nítorí pé a ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àbájáde rẹ̀ wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Èdè nìkan kọ́ ló ṣe é. Wọ́n fi olùkọ́ sí ìdí ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ló tilẹ̀ le jù, nítorí ọ́fíìsì kì í tètè rí àìdọ́gba. Lọ́pọ̀ ìlú kéékèèké wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé lónìí, Ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún padà bọ́ sí, lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣí ìwé orúkọ kíláàsì níbẹ̀ yóò rí i pé àwọn ọmọ kan náà ni kì í wá, wọn kì í sì í pa ọjọ́ kan náà jẹ lọ́sẹ̀. Alábòójútó tó wá láti ìgboro á pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìsáǹsá. Olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà ni. Ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kan náà, olùkọ́ kan ṣoṣo á fi ẹfun fa ìlà sí àárín pátákó, á kọ iṣẹ́ kíláàsì kẹta sí apá òsì, á kọ ti ìkẹrin sí apá ọ̀tún. Bó bá ń ṣàlàyé fún àwọn tibí, àwọn tọ̀hún á máa da iṣẹ́ kọ. Ìwé ètò iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i àti sí ilé ìwé ìgboro tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti ní olùkọ́ tirẹ̀.

Bí owó ṣe ń rìn náà ń dá kún un. Lábẹ́ òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ wá kí owó ìjọba àpapọ̀ tó wà ní UBEC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà, tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ tí kò bá mú tirẹ̀ wá, owó àwọn ọmọ rẹ̀ á jókòó síbẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun ni pé kí olùkọ́ sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1931 ni Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NUT ti wà, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni ọkùnrin yìí, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣíwájú ìdásílẹ̀ yunifásítì Ìbàdàn ní 1948. Ní 1966, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, àti ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fohùn ṣọ̀kan nínú ìwé kan pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ọwọ́ nínú ṣíṣe ìlànà ẹ̀kọ́. Ìwé yẹn gan-an ni a ń ṣèrántí ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó oṣù kò jẹ̀bi bó bá daṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ọdún 2022 tó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65 fi hàn pé bí ẹ bá tẹra mọ́ ọ̀rọ̀, ìjọba a máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ owó ni aráyé ń gbọ́ lẹ́nu yín, wọn á gbàgbé pé ẹ mọ ohunkóhun nípa ọmọ. Ẹ mú ìwé orúkọ kíláàsì dání wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ka iye ọmọ tí ọjọ́ ọjà ń gbà lọ, iye kíláàsì tí kò ní olùkọ́, iye ìwé Yorùbá tí ẹ rí gbà láti 2022. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí òbí buwọ́ lù ú pẹ̀lú yín, kí ó sì dé tábìlì kọmíṣọ́nnà kí wọ́n tó kọ àṣẹ tó ń bọ̀.